Nígbà Tí Apá Ènìyàn Jẹ́ Ìdógò: Ìtàn Ìwọ̀fà Nílẹ̀ Yorùbá

Ẹrú ń sìnrú, ìwọ̀fà ń sìngbà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra létí, iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ń ṣe sì lè jọra lójú: ọkùnrin kan tẹ̀ ba, ó ń kọ ebè nínú oko tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sì ní gba kọ́bọ̀ tí ilẹ̀ bá ṣú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn òde òní fi ń rò pé ẹrú ni ìwọ̀fà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni èdè kò ṣèèṣì ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹrú ni ẹni tí a kó lójú ogun tàbí tí a rà lọ́jà, tí olówó rẹ̀ lè tún tà, tí ọmọ tó bá bí sóko ẹrú sì jẹ́ ti olówó rẹ̀. Ìwọ̀fà ni ọmọ onílé tó yá owó, tàbí tí ẹbí rẹ̀ yá owó, tó wá ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dípò èlé. A kì í tà á, a kì í yí orúkọ rẹ̀ padà, ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀fà ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí owó bá pé, ọjọ́ náà ni ìsìn parí. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé kí ló dé tó fi jẹ́ ènìyàn ni wọ́n ń fi dúró fún owó. Àwọn kan á ní ìwà òǹrorò ayé àtijọ́ ni. Àwọn mìíràn, tí àárò àṣà ń sọ, á ní ìfọkàntán àárín ẹbí àti ará ni. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Lójú tèmi, ìwọ̀fà wà nítorí pé ní ilẹ̀ tí a kì í ti í ta ilẹ̀, apá àti orúkọ ẹbí nìkan ni tálákà ní tí olówó fẹ́. Ohun tó sì mú un kásẹ̀ nílẹ̀ jù ni pé ohun mìíràn tó ṣeé fi dúró dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo owó fúnra rẹ̀. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná títí tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi ń parí lọ. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, 20,000 ẹyọ, ẹrù tó tó alágbàrù kan rù. Àgbẹ̀ tó ń jẹ iṣu oko rẹ̀, tó ń ta díẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, lè jẹun yó láti ọdún dé ọdún kó má fojú kan ọ̀kẹ́ kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀, àwọn ìnáwó kan wà tí kì í dúró de ẹni tó ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀. Òkú àgbà kò ṣeé sin bí òkú adìyẹ. Ìdána ní àkókò tirẹ̀. Ìtanràn tí ìlú bá dá fún ni kì í gbọ́ àwáwí. Èyí tó wá le jù nínú ọ̀rúndún náà ni ìràpadà. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, ogun kò tán nílẹ̀ mọ́. Ogun Kírìjì nìkan bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ọdún 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà. Ẹni tí ogun bá kó, bí ẹbí rẹ̀ bá tètè gbọ́ ibi tó wà, wọ́n lè rà á padà kí wọ́n tó tà á lọ sí ọ̀nà jíjìn. Owó náà gbọ́dọ̀ yá, ó sì gbọ́dọ̀ pọ̀. Ẹbí tó bá fi ọmọ kan ṣe ìwọ̀fà kí wọ́n lè ra ọmọ kejì padà lóko ẹrú kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn pé ohun méjì ni ìsìnrú àti ìsìngbà.

Kí wá ni irú ẹbí bẹ́ẹ̀ lè gbé síwájú olówó? Báǹkì òde òní á béèrè ìwé ilẹ̀. Ilẹ̀ wà nígbà náà, ó tiẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ti ẹbí ni: ti àwọn tó ti kú, ti àwọn tó wà láàyè, àti ti àwọn tí a kò tíì bí. Baálé ló ń pín in fún ọmọ ilé láti dáko. Ẹni tó ń dáko lórí rẹ̀ kò lè dá a tà. Bó bá tiẹ̀ lè tà á, ta ni yóò rà? Níbi tí àlejò ti lè gbé obì lọ bá onílẹ̀ kó sì rí ibi dáko sí, ilẹ̀ kọ́ ló wọ́n, ọwọ́ tí yóò ro ó ni. Ilé onígbèsè jẹ́ yàrá nínú agbo ilé, iṣu rẹ̀ kò ní pẹ́ jẹrà, ọ̀pẹ tó wà nínú oko jẹ́ ti onílẹ̀. Ẹnì kan lè bi mí pé ìlẹ̀kẹ̀ ńkọ́, aṣọ òfì ńkọ́, ewúrẹ́ ńkọ́. Lóòótọ́, ìwọ̀nyí ṣeé fi dúró fún owó kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí iyùn tó tó ọ̀kẹ́ mélòó kan wà nínú àpótí rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń wá owó kiri. Ohun tí olówó ń wá, tí tálákà sì ní, ni apá tí yóò kọ ebè fún un. Bí owó bá pàdé apá báyìí, ìwọ̀fà ni wọ́n máa bí.

Ẹni tó ṣàlàyé àdéhùn náà jù lọ ni Samuel Johnson, àlùfáà tó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ló mú kí ìwé náà jáde ní 1921. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé rẹ̀, ẹni tó fẹ́ yá owó kì í dá lọ: onígbọ̀wọ́ á wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ni yóò sìn, ilé ara rẹ̀ ni yóò máa gbé, iṣẹ́ ara rẹ̀ ni yóò sì máa ṣe. Ohun tó jẹ olówó ni pé, bí ọjọ́ ìsìn rẹ̀ bá kò, yóò ro ilẹ̀ tó gba ọgọ́rùn-ún ebè, tàbí kó fi iye owó ẹyọ tó bá iṣẹ́ náà mu dípò. Ẹ fojú inú wò ó: ìrì kò tíì gbẹ lára ewé tó fi ki ọkọ́ bọlẹ̀, ó ń ka ebè bó ti ń kọ wọ́n, nítorí olówó náà yóò kà wọ́n, nígbà tó bá pé ọgọ́rùn-ún, á nu ọkọ́, á gbé e lé èjìká, á kọrí sí oko ara rẹ̀. Ẹni tó lágbára á ti parí kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi lè jẹ́ ìwọ̀fà ẹni méjì tàbí mẹ́ta pa pọ̀. Ipò rẹ̀ nínú ìlú kò yẹ̀: ó lè jókòó níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jókòó, ó lè sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, olówó kò sì gbọ́dọ̀ nà án. A. K. Ajisafe, tó kọ ìwé lórí òfin àti àṣà Yorùbá ní 1924, náà ya ìwọ̀fà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrú.

Ohun kan wà nínú àdéhùn yìí tó yẹ ká tẹjú mọ́. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kò dín ojú owó kù rárá. Bó sìn fún ọdún kan, bó sìn fún ogún ọdún, iye tí a yá ní ọjọ́ kìíní náà ni yóò san kó tó lọ. Lójú ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́, ìrẹ́jẹ gbáà ni. Ṣùgbọ́n apá kejì rẹ̀ wà: gbèsè náà kò lè wú. Kò sí èlé lórí èlé tí yóò gùn ún lórí tí ọ̀kẹ́ méjì yóò fi di mẹ́wàá. Àǹfààní àti ewu rẹ̀ wà nínú ohun kan náà. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ múra yóò ra ara rẹ̀ padà lẹ́yìn ìkórè kan tàbí méjì. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ gbàgbé lè darúgbó lẹ́nu ọgọ́rùn-ún ebè. Kì í ṣe ọwọ́ òfin ni ìyàtọ̀ náà wà, ọwọ́ àwọn ènìyàn ẹni ni. Àwọn àgbà máa ń wí pé ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Ìwọ̀fà ní tirẹ̀ ní baba, ọ̀nà kò sì jìn. Ohun tó ń dáàbò bò ó gan-an nìyẹn.

Àṣà ológò fi hàn kedere pé ẹbí ni olówó ń wò, kì í ṣe onígbèsè nìkan. Bí ẹnì kan bá jẹ gbèsè tí kò san, olówó lè gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ìlú kó sì rán ológò sí i láti lọ dógò tì í. Iṣẹ́ ológò ni kó ba ayé jẹ́. Yóò wọ agbo ilé láàárọ̀, yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibi tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá, yóò máa pariwo orúkọ onígbèsè, yóò bèèrè oúnjẹ tó dára jù nílé náà. Bí adìyẹ bá ré kọjá, yóò gbá a mú, ìbáà jẹ́ ti ìyàwó àbúrò onígbèsè tàbí ti arúgbó tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀. Yóò pa á jẹ, yóò ní kí ẹni tó ni ín lọ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ gbèsè. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ lé e jáde. Tí yóò bá fi di ọjọ́ kejì, gbogbo agbo ilé ti di alábàárò olówó: àwọn fúnra wọn ni yóò mú onígbèsè sí kọ̀rọ̀, tí wọ́n á bá a wá owó tàbí kí wọ́n bá a wá ẹni tí yóò lọ sìn. Ọ̀rọ̀ tí a ń lò lónìí fún ohun tí a fi dúró lọ́wọ́ olówó, ìdógò, bá àṣà yìí tan. Kí ìwọ̀fà tó dé oko olówó rárá, ìtìjú agbo ilé ti dúró fún owó náà.

Àtakò tó lágbára jù sí ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ dídùn ni gbogbo èyí: Johnson fẹ́ràn ìran rẹ̀, ó fẹ́ kí òyìnbó rí i pé àwọn baba rẹ̀ ní òfin, ó sì ṣeé ṣe kó fi àtíkè pa ojú àṣà náà. N kò kó àtakò yìí dànù, nítorí ìwé Johnson gan-an ló gbè é lẹ́yìn. Òun ló kọ ọ́ pé bí olówó bá bá obìnrin tó jẹ́ ìwọ̀fà rẹ̀ lò pọ̀, gbèsè náà parí lójú ẹsẹ̀; bó bá jẹ́ tipátipá ni, owó náà bọ́, olówó yóò sì san owó ìtanràn fún àwọn òbí obìnrin náà àti fún ìlú lórí rẹ̀. A kì í ṣòfin lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Bí ìjìyà bá ti pọ̀ tó báyìí, a jẹ́ pé ohun náà ń ṣẹlẹ̀ débi tó fi ń ba àwọn òbí lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ ọmọdé tún ṣòro ju èyí lọ. Àgbàlagbà ń sùn nílé ara rẹ̀. Ọmọ tí a fi yáwó ń sùn nílé olówó, ó ń jẹun lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó sì ń lọ wo àwọn òbí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣà ní kí a tọ́ ọ bí ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé pàápàá ń jẹ ìyà, kí a má tíì sọ ti ọmọ tó jẹ́ èlé owó. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ó fẹ́ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú sọ òtítọ́. Ẹni tó bá wá fi ìyẹn sọ pé kò sí ìnira níbẹ̀ ti ṣàṣejù. Lójú tèmi, àwọn òfin wọ̀nyí fi hàn pé àwọn tó ń ṣe àṣà náà mọ̀ pé ojú ààlà ẹrú ni wọ́n wà, wọ́n sì ń fi gbogbo agbára ti ara wọn sẹ́yìn kí wọ́n má baà ré e kọjá.

Ẹ̀rí mìíràn pé wọn kò fẹ́ràn ipò náà ni akitiyan tí wọ́n ṣe láti yẹra fún un. Èsúsú ti wà nílẹ̀ nígbà tí Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ ní 1843. Johnson náà sì kọ bí wọ́n ti ń ṣe é: ẹgbẹ́ kan á jọ máa dá iye kan náà ní àkókò kan náà lábẹ́ olórí kan, wọ́n á sì kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bó bá ti kàn án. Ohun tí ẹni tó kó èsúsú rí gbà ni ohun tí ìwọ̀fà rí gbà, ìyẹn owó ńlá lẹ́ẹ̀kan náà, láìjẹ́ pé ó kọ ebè fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé àṣà yìí sọdá òkun. Susu ni wọ́n ń pè é ní Trinidad títí dòní. Ṣùgbọ́n èsúsú ní ààlà tirẹ̀. Ẹni tó ń rí owó déédéé ló lè dá a, ọjọ́ tó bá kan ni sì ni ọjọ́ tó bá kan ni. Ológun kì í dúró de ìyẹn kó tó ta ẹni tó kó. Fún ẹni tí nǹkan bá ká mọ́ ní òjijì, ọ̀nà kan náà ló ṣì kù.

Nígbà tó yá, kòkó dé. J. P. L. Davies, oníṣòwò Èkó, gbìn ín sí oko rẹ̀ ní Ìjàn nítòsí Agége nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sópin. Láti ọ̀dọ̀ àwọn olóko Agége bíi J. K. Coker, ó tàn dé ilẹ̀ Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe yani lẹ́nu: ó mú kí ìwọ̀fà pọ̀ sí i. Igbó gbọ́dọ̀ ṣubú kí kòkó tó hù, igi náà sì ń gba bí ọdún márùn-ún kó tó so dáadáa. Sara Berry, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1975 lórí kòkó àti àṣà, fi hàn pé àwọn kan lo iṣẹ́ ìwọ̀fà láti dá oko kòkó wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí igi wọ̀nyí so, ohun kan tí kò sí tẹ́lẹ̀ wá wà. Ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, igi jẹ́ ti ẹni tó gbìn ín. Ó ń so lọ́dọọdún fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò lè sá lọ, kì í sunkún nítorí ìyá rẹ̀. Àgbẹ̀ tó fẹ́ sin òkú baba rẹ̀ wá lè sọ pé, ẹ gba oko kòkó mi. Galletti, Baldwin àti Dina, tó wádìí láàrin àwọn àgbẹ̀ kòkó ní 1951 sí 1952, rí àṣà fífi igi kòkó dógò níbi púpọ̀. Ẹ wo bí àdéhùn rẹ̀ ṣe rí: olówó ni yóò máa kó èso igi náà dípò èlé, ojú owó kò ní dín, ọjọ́ tí onígbèsè bá san án pé ni yóò gba oko rẹ̀ padà. Àdéhùn ìwọ̀fà gan-an nìyẹn, wọn ò yọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀ bí kò ṣe ènìyàn. Kòkó ló lọ sìn lórúkọ ọmọ.

Ẹlòmíràn á ní òfin ìjọba amúnisìn ló fòpin sí i, pé kò yẹ kí a gbé ògo náà fún igi. Òfin ní ipa tirẹ̀, n kò jiyàn. Ilé ẹjọ́ tó lè pàṣẹ kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní onígbèsè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ológò. Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún, ní ojú irin àti ní Èkó, fún ọ̀dọ́mọkùnrin ní ọ̀nà mìíràn láti rí owó. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àkókò ṣe tò. Òfin tó ní ipò ẹrú kò sí mọ́ ti tàn ká Nàìjíríà nígbà tó fi di 1916. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń fi ọmọ yáwó lẹ́yìn náà, tó fi jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣì ń bá a fà á ní 1920 sí 1940. Bó bá jẹ́ pé àṣẹ nìkan ló tó, kò yẹ kó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí òfin lè ṣe ni kó sọ pé má fi ènìyàn dúró. Kò lè fún ẹni tí òkú wà nílẹ̀ rẹ̀ ní ohun mìíràn tí yóò fi dúró. Ibi tí ohun mìíràn náà ti wà ni òfin ti rí ẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ju ìtàn lásán lọ ni pé ẹni tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní igi, tí báǹkì ò dá lóhùn, ṣì wà láàrin wa. Ìlú ńlá kún fún wọn. Láìpẹ́ yìí ni ẹ̀rọ ayánilówó orí fóònù dé bá wọn: kò béèrè ìwé ilẹ̀, kò béèrè onígbọ̀wọ́, ohun tó béèrè ni kí o jẹ́ kó wo orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo àwọn tó wà nínú fóònù rẹ. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò pé, ọ̀gá ibi iṣẹ́, àna, àti ẹni tí ẹ jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé olè ni ọ́. Ẹni tó bá mọ ìtàn ológò yóò mọ ohun tó ń wò. Ṣùgbọ́n ológò àtijọ́ ní láti gba àṣẹ ìlú kó tó wọlé, gbèsè ìwọ̀fà kò sì lè wú ju bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n yá a. Ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ tó là á kalẹ̀ pé kí àwọn ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n sì jáwọ́ nínú ìdójútini. Ìtàn ìwọ̀fà sọ fún wa ibi tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lè dé àti ibi tí kò lè dé. Ẹni tí a bá gba ojú rẹ̀ lọ́wọ́ ológò lónìí, tí a kò fún ní ohunkóhun tó lè fi dúró, yóò tún wá owó lọ lọ́la, ojú náà ni yóò sì tún gbé síwájú olówó.